Ọmọ Tí Kì Í Yọ Ẹnikẹ́ni Lẹ́nu

Nígbà tí nọ́ọ̀sì bi mí pé ta ni mo bá wá, mo rò pé kò gbọ́ ohun tí mo sọ ní ẹ̀ẹ̀kan ni. Mo tún un sọ fún un pé èmi nìkan ni. Ọsibítù aládàáni kan ni, ní àdúgbò Ring Road, aago mẹ́jọ àárọ̀ ò sì tíì lù. Wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún mi, kí wọ́n yọ fáíbírọ́ìdì tó ti ń dà mí láàmú láti bí ọdún mẹ́rin.

"Ta ló máa bá yín tọwọ́ bọ̀wé, ma?"

"Èmi náà ni màá tọwọ́ bọ̀ ọ́. Mi kì í ṣe ọmọdé."

"Mo gbọ́, ma. Àmọ́ tí ẹ bá ti sùn lọ nínú tíátà, ta la fẹ́ bá sọ̀rọ̀ bí ọ̀rọ̀ bá wà?"

Mo mú fóònù mi, mo ń fi ìka yí orúkọ lọ sókè sódò. Orúkọ ibẹ̀ pọ̀ bíi ti ẹni tó ń díje dupò. Ẹni tí mo bá tọ́jú ìyá rẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹni tí mo bá wá ilé sí Agbowó wà níbẹ̀. Àwọn tó máa ń pè mí láàárọ̀ Sátidé pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, nǹkan kan ló ṣẹlẹ̀ o," wọ́n pọ̀ lọ jàra. Mo mọ̀ pé kò sí èyí tí mo máa pè nínú wọn tí kò ní wá. Ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Mi ò lè tẹ nọ́ńbà ẹnì kan ṣoṣo.

Nígbẹ̀yìn, nọ́ńbà dẹ́rẹ́bà ọ́fíìsì wa tó gbé mi wá ni mo kọ sínú ìwé. Mo ní àbúrò mi ni. Wọ́n pè é, ó sì padà wá. Nígbà tí mo lajú lọ́sàn-án, òun ni mo rí lórí bẹ́ǹṣì ẹ̀gbẹ́ ògiri. Ó gbé báàgì mi lé itan, ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú, bí ẹni tó ń bá àjèjì ṣọ́ ẹrù ní gáréèjì.

"Màdáámù, ẹ kú ewu o. Ẹ má bínú o, ma. Ṣé ẹ ò léèyàn ni?"

"Mo léèyàn."

"Níbo ni wọ́n wà, ma?"

Mo díbọ́n pé oorun ti gbé mi lọ.

Ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì ni mí nígbà náà. Mo ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Sẹkitéríàtì, mo ń gbé fúláàtì oníyàrá méjì ní Bódìjà, mi ò lọ́kọ, mi ò bímọ. Tí ẹ bá bi àwọn èèyàn nípa mi, wọ́n á ní èèyàn dáadáa ni mí, pé mi kì í yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Òótọ́ ni wọ́n sọ.

Ní ọjọ́ kẹta, nọ́ọ̀sì àgbà kan wá tún egbò mi dì. Ó wò ó fín, ó ní ó ń jiná. Ó wá jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì.

"Láti ọjọ́ tí ẹ ti wà níbí, ẹ ò tíì ní kí ẹnikẹ́ni bá yín bu omi mu. Ṣe lẹ máa ń fọwọ́ di ikùn mú, tí ẹ á dìde lọ bù ú fúnra yín. Kí ló dé, ma?"

"Mi ò fẹ́ dà yín láàmú ni."

"Iṣẹ́ wa nìyẹn." Ó mú bébà, ó kọ àdírẹ́sì kan sí i. Ó ní obìnrin kan wà ní Onírèké tó ti jẹ́ ọ̀gá òun rí kó tó fẹ̀yìntì, tó máa ń jókòó gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹni tí nǹkan wà nínú rẹ̀.

"Ṣé wèrè ni mí ni?"

"Ta ló pè yín ní wèrè, ma? Ọ̀rọ̀ ni mo ní kí ẹ lọ sọ."

Mo ká bébà náà sínú báàgì. Kò sí lọ́kàn mi pé màá lọ.

Ọjọ́ kejì tí mo délé, ìyá tó ń gbé ní fúláàtì tó kọjú sí tèmi wá kan ilẹ̀kùn. Àlàájà ni wọ́n, wọ́n ń ta ẹ̀wà àti èlùbọ́ ní ọjà Bódìjà. A ti jọ ń gbé fún ọdún mẹ́fà, àmọ́ ẹ káàárọ̀ àti ẹ kúùrọ̀lẹ́ nìkan ló wà láàárín wa.

"Àǹtí! Àǹtí, ṣé ẹ wà ńlé? Mo gbọ́ pé ara yín ò yá."

Mo jókòó sórí àga, mo sé èémí mi. Mo ń wo òjìji ẹsẹ̀ wọn lábẹ́ ilẹ̀kùn. Wọ́n dúró, wọ́n tún kàn án, wọ́n lọ. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ pa rọ́rọ́, mo ṣílẹ̀kùn, mo bá ògì gbígbóná nínú fúláàsì àti mọ́ínmọ́ín méjì nínú kúlà. Mo jẹ ẹ́ lórí ìdúró. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì ò tíì mọ́ tán tí mo ti fọ kúlà náà, mo kó ọsàn kún inú rẹ̀, mo fi ọwọ́ kan di ikùn mú, mo gbé e lọ fún wọn.

Àlàájà wo ọsàn, wọ́n wo ikùn mi. Wọn ò rẹ́rìn-ín.

"Àǹtí, ṣé pàṣípààrọ̀ la ń ṣe ni?"

Ọ̀rọ̀ yẹn bá mi wọlé. Mo dùbúlẹ̀ tì í fún ọ̀sẹ̀ bíi mẹ́ta. Ọjọ́ tí dókítà ní mo lè máa jáde, mo wọ táàsì, mo lọ sí Onírèké.

Àdúgbò náà dákẹ́ débi pé èèyàn ń gbọ́ ìró bàtà ara rẹ̀. Ìyá tí mo lọ bá á tó ẹni àádọ́rin ọdún. Wọ́n wọ bùbá, wọ́n ró ìró ilé, wọ́n gbé tíréè ẹ̀gúsí kalẹ̀ láàárín wa. Wọ́n ní ẹ̀gúsí làwọn máa ń bó tí àwọn bá ń gbọ́ ọ̀rọ̀ èèyàn, kí ojú àwọn má baà wúwo lára ẹni tó ń sọ̀rọ̀.

"Bá mi bó díẹ̀," ni wọ́n wí.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bó o, mo ń sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ abẹ, nípa ọ́fíìsì, nípa bí kò ṣe sí ohun tó ń ṣe mí ní tèmi. Ó ṣe díẹ̀, wọ́n na ọwọ́, wọ́n fi bo ọwọ́ mi mọ́lẹ̀.

"Ta ló ń bó ẹ̀gúsí yẹn?"

"Èmi ni, ma."

"Ìwọ wo?"

Mo wo tíréè. Mo ti bó apá tèmi tán, mo ti wọnú tiwọn. Ẹ̀jẹ̀ ti yọ létí èékánná mi, mi ò mọ̀.

"Díẹ̀ ni mo ní kóo bá mi bó. Ẹnì kan wà nínú ẹ tó gbọ́ pé kóo bó gbogbo rẹ̀ tán. Ẹni yẹn ni mo fẹ́ mọ̀."

Mo ní kò sí ẹlòmíràn nínú mi, ma, èmi nìkan ni mo wà níbẹ̀.

"Tí ọ̀rọ̀ kan bá rú ẹ lójú, báwo lo ṣe máa ń sọ ọ́? Ṣé o kì í sọ pé ọkàn kan ní kí n lọ, ọkàn kan ní kí n má lọ?"

"Mo máa ń sọ bẹ́ẹ̀, ma."

"Ṣé irọ́ lò ń pa nígbà náà?"

"Rárá, ma."

"Ó dáa. Ọkàn kọ̀ọ̀kan ló ní iṣẹ́ tó ń ṣe fún ẹ. Kò sí ọ̀tá nínú wọn. Èyí tó ń bayé jẹ́ mọ́ ẹ lọ́wọ́ gan-an, nǹkan kan ló ń ṣọ́. Má lé e. Bi í pé kí ló ń ṣọ́. Bi í pé ọmọ ọdún mélòó lo wà nígbà tó gba iṣẹ́ náà."

Mi ò tiẹ̀ ronú. Ẹnu mi ló sọ ọ́. "Ọmọ ọdún méje."

Ọmọ ọdún méje ni mí nígbà tí Màámi mú mi kúrò nílùú wa ní Èkìtì wá sí Ìbàdàn. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin ni wọ́n mú mi wá, ní Òkè Àdó, níbi tí wọ́n ti ní ṣọ́ọ̀bù ìwé. Màmá Ìbàdàn là ń pè wọ́n. Mi ò ní purọ́ mọ́ wọn: ebi ò pa mí nílé wọn, wọn ò sì nà mí ju bí wọ́n ṣe ń na àwọn ọmọ tiwọn lọ. Àmọ́ ọmọ mẹ́ta ni wọ́n bí, èmi ni mo ṣe ẹlẹ́kẹrin, ọmọdé sì máa ń mọ ibi tí wọ́n ka òun dé.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ ní iléèwé, tíṣà bi mí pé ibo ni mò ń gbé. Mo fẹ́ sọ pé ilé Màmá Ìbàdàn, àmọ́ "ulé" ni mo sọ, bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ lọ́dọ̀ wa. Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Títí di ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń pè mí ní Ulé. Mo délé, mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́tí sí ẹnu àwọn ọmọ Màmá Ìbàdàn, mo ń sọ̀rọ̀ bíi tiwọn. Kí ọdún tó parí, kò sí Èkìtì lẹ́nu mi mọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì tí mo débẹ̀, mo jí ṣáájú gbogbo ilé, mo gbálẹ̀, mo fọ abọ́ àná. Màmá Ìbàdàn jáde, wọ́n rí i, wọ́n pe ọkọ wọn. "Ẹ wá wo ọmọ yìí! Kì í yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu." Wọ́n fọwọ́ pa mí lórí. Láti ọjọ́ tí Màámi ti fi mí sílẹ̀, kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn mí. Bí mo ṣe mọ ohun tí màá máa ṣe kí wọ́n tó lè fọwọ́ pa mí lórí nìyẹn.

Màámi ti ní àwọn máa wá lọ́dún Kérésì. Mo jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù ìwé fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko, mo wọ aṣọ tí wọ́n rán fún mi. Wọn ò wá. Ọdún mẹ́ta kọjá kí n tó fojú kàn wọ́n. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí lọ́jọ́ tí wọ́n wọlé. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ káàbọ̀, ma." Mo gbé omi fún wọn lórí tíréè. Mo ní, "Ṣé ẹ máa jẹun, ma?" Wọ́n na ọwọ́ sí mi, àmọ́ mo ti gba ẹ̀yìnkùlé lọ, mo lọ ń fọ abọ́. Láti ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ẹkún wọn, tí Màmá Ìbàdàn sì ń sọ pé, "Kí lò ń sunkún sí? Ọmọ ẹ ti gbọ́n."

Ohun kan wà tí mi ò sọ fún ẹ̀dá alààyè kankan títí di ọjọ́ tí mo dé Onírèké. Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan kí wọ́n mú mi wá sí Ìbàdàn, mo fọ́ gíláàsì lámpù. Màámi ké, wọ́n ní, "Ọmọ yìí á pa mí!" Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n di ẹrù mi. Lójú tèmi, ọ̀ràn méjèèjì so kọ́ra. Wọ́n lé mi nílé torí pé mo dá wàhálà sílẹ̀. Bí mi ò bá tún dá wàhálà sílẹ̀ mọ́, kò sẹ́ni tó máa lé mi.

Bí mo ṣe sọ ìyẹn tán, ìyá Onírèké ní kí n dijú, kí n bẹ ọkàn tó ń ṣiṣẹ́ yìí pé kó yàgò díẹ̀, kí n lè rí ọmọ tó ń ṣọ́. Mo dijú. Ìgbà tí mo lajú, orí ìdúró ni mo bá ara mi, báàgì wà léjìká.

"Ẹ ṣé, ma. Ara mi ti yá."

Mi ò padà débẹ̀ fún oṣù kan gbáko.

Inú oṣù yẹn ni mo wá dá ọkàn kejì mọ̀, èyí tó ń ti ilẹ̀kùn. Òun ló ní kí n sé èémí nígbà tí Àlàájà kan ilẹ̀kùn. Òun náà ló bá mi ṣe ti olùkọ́ yunifásítì kan tó ń gbé Agbowó, ọkùnrin tó fẹ́ fi mí ṣaya nígbà tí mo wà lẹ́ni ọdún méjìlélọ́gbọ̀n. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Ó rìnrìn àjò lọ síbi ìpàdé kan, kò pè mí fún ọjọ́ mẹ́ta. Ní ọjọ́ kẹrin mo kó gbogbo ohun tó fún mi sínú páálí, mo fi rán ẹnì kan sí i, mo pààrọ̀ síìmù. Nígbà tó dé, ó wá dúró lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì wa. Ó ní, "Kí ni mo ṣe? Ṣáà sọ ohun tí mo ṣe fún mi." Mo ń wo fáìlì iwájú mi. Mi ò gbójú sókè títí ó fi lọ. Ó ti fẹ́ ẹlòmíràn tipẹ́. Mo máa ń rí wọn ní ọjà nígbà míì, tìyàwó-tọmọ, a máa ń kíra.

Ẹ̀rù ń bà mí nígbà tí mo padà sí Onírèké, mo rò pé wọ́n á bá mi wí. Ìyá náà kàn sún tíréè fún mi ni.

"Ọkàn tó ti ilẹ̀kùn yẹn, bá mi kí i. Ó ṣiṣẹ́ gidi. Ó ń dáàbò bo ẹnì kan."

Bá a ṣe ń ṣe é nìyẹn, láàárọ̀ Sátidé kọ̀ọ̀kan. Kò sí iṣẹ́ ìyanu níbẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, màá dijú, mi ò ní rí nǹkan kan àyàfi òkùnkùn. Wọ́n á ní kò burú, ọmọ tí wọ́n ti pa tì fún ọdún mẹ́rìndínlógójì ò ní í sáré wá nítorí pé wọ́n pè é lẹ́ẹ̀kan.

Inú táàsì ló ti wá. Dùgbẹ̀ ni mo ti wọ ọkọ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo fẹ́ lọ gba aṣọ lọ́wọ́ télọ̀ mi ní Challenge. Àwọn ìyá àgbà méjì jókòó tì mí lẹ́yìn ọkọ̀, wọ́n ń bá ọ̀rọ̀ tiwọn lọ ní ohùn Èkìtì. Ọ̀kan nínú wọn ní òun fẹ́ tètè dé ulé. Ọ̀rọ̀ yẹn ṣáá ni. Omi bọ́ lójú mi, kí n tó nù ún, òmíràn ti bọ́, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún bí ọmọdé ṣe máa ń sunkún, tí èjìká á máa gbọ̀n. Dẹ́rẹ́bà ń wò mí nínú dígí.

Ìyá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi di ọwọ́ mi mú. "Ọmọ mi, kí ló dé? Ṣé wọ́n túfọ̀ fún ẹ ni?"

Mo fẹ́ sọ pé kò sí nǹkan. Ọkàn kan tiẹ̀ ní kí n sọ fún dẹ́rẹ́bà pé kó dúró, kí n bọ́lẹ̀. Àmọ́ ohun tó jáde lẹ́nu mi ni pé mo fẹ́ lọ sí ulé. Bí mo ṣe sọ ọ́ gan-an nìyẹn.

"Wàá dé ibẹ̀," ni ìyá náà wí. Wọn ò fi ọwọ́ mi sílẹ̀ títí wọ́n fi bọ́lẹ̀. Mi ò fún wọn ní nǹkan kan. Mo jẹ́ kí wọ́n di ọwọ́ mi mú lásán.

Ní ìparí oṣù yẹn, mo gba ààyè níbi iṣẹ́, mo lọ sí Èkìtì. Bàbá mi ti kú. Màámi nìkan ló kù nílé. Mo bá wọn lórí ẹní níta, wọ́n na ẹsẹ̀, wọ́n ń fi òróró pa orúnkún. A kíra, mo jẹun, mo jókòó tì wọ́n.

"Màámi, kí ló dé tó fi jẹ́ èmi lẹ mú lọ sí Ìbàdàn?"

"Ṣé kò ṣe ẹ́ lóore ni?"

"Ó ṣe mí lóore. Mo kàn fẹ́ mọ̀ ni. Ṣé nítorí lámpù ni?"

"Lámpù wo?"

Mo sọ fún wọn. Wọ́n wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ ò pé. "Gíláàsì lámpù! Mélòó lẹ ò tíì fọ́ nínú ilé yìí?"

Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ò dùn. Gbogbo ọdún wọ̀nyí.

Màámi wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Bàbá mi ṣubú lórí ọ̀kadà lọ́dún náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ kán, kò lè lọ sóko. Àwọn fúnra wọn lóyún. Ẹ̀gbọ́n mi ló ń bá wọn ṣiṣẹ́ ilé, àbúrò mi ò lera. "Ìwọ ni ọkàn mi balẹ̀ lé lórí. Mo ní ọmọ yìí lè gbé ibikíbi. Iná wà ní Ìbàdàn, iléèwé tó dáa wà níbẹ̀. Mo rò pé mò ń ṣàánú ẹ ni."

"Kérésì ńkọ́?"

Ọwọ́ wọn dúró lórí orúnkún.

"Ọ̀sẹ̀ Kérésì yẹn ni mo bí i. Ọkùnrin ni. Kò lò ju ọjọ́ mẹ́rin lọ."

Mi ò mọ̀ rí pé mo ní àbúrò ọkùnrin kankan. Mo ní, "Ẹ ò sọ fún mi."

"Ọmọ ọdún méje, kí ni mo fẹ́ sọ fún un? Nígbà tó yá, ojú wá ń tì mí. Bí ọjọ́ ṣe ń gorí ọjọ́ ló ń nira sí i láti wá. Ọjọ́ tí mo wá, o kúnlẹ̀, o bi mí bóyá màá jẹun. Mo mọ̀ pé mo ti pẹ́ jù."

Abọ́ tí mo fi jẹun wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo rí i bí ẹsẹ̀ mi ṣe fẹ́ dìde, kí n kó o lọ sẹ́yìnkùlé, kí n lọ fọ̀ ọ́. Mo sọ fún ọkàn náà nínú mi pé, o ṣeun, jókòó, ó tó.

"Mo bínú, Màámi. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bínú."

"Ó yẹ kóo bínú."

Wọn ò bẹ̀ mí, wọn ò sì sunkún. Wọ́n kàn fa ẹsẹ̀ wọn sẹ́yìn lórí ẹní, kí n lè ráyè sún mọ́ wọn. A jókòó bẹ́ẹ̀ títí oòrùn fi kúrò níwájú ilé. Mo lo ọjọ́ mẹ́rin lọ́dọ̀ wọn. A jà lẹ́ẹ̀kan lórí iyọ̀ ọbẹ̀.

Ọjọ́ Sọ́ńdè ni mo padà sí Bódìjà. Ilé ń rùn bí ilé tí wọ́n ti pa fún ìgbà pípẹ́. Mo ṣí fèrèsé. Nínú fúláàtì lókè, ẹbí kan ń jẹun ọ̀sán, mo ń gbọ́ ohùn wọn àti ìró ṣíbí. Kò sí ẹni tí mo máa sọ fún pé mo ti dé. Mo wá rántí, mo pe Màámi.

"O ti dé?"

"Mo ti dé."

"Kí lo jẹ?"

"Mi ò tíì jẹ nǹkan kan. Ó rẹ̀ mí."

Mi ò sọ fún wọn rí pé ó rẹ̀ mí. Wọ́n ní kí n rọra. Wọ́n sọ̀rọ̀ nípa adìyẹ kan tó sọnù láàárọ̀, nípa orúnkún wọn, títí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn pé owó ìpè àwọn ń tán, wọ́n gbàgbé pé tèmi ló ń lọ. A dágbére.

Ilé tún dákẹ́. Nígbà kan rí, ìgbà bẹ́ẹ̀ ni mo máa ń yọ kọ́tìnnì tó mọ́ sílẹ̀, tí màá lọ fọ̀ ọ́. Mo jókòó sórí àga. Àárò ń sọ mí, mo mọ ẹni tí àárò ń sọ nínú mi, ọmọ ọdún méje yẹn ni, mo sì jókòó tì í.